Báírò Mẹ́ta

Báírò mẹ́ta ni mo fi ń pa irọ́ náà: búlúù, dúdú, àti pupa kan tí yíńkì rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí ìwé títẹ̀ bíi tèmi mọ̀ pé ìwé tó bá rí bákan náà láti òkè délẹ̀, ìjókòó ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n kọ ọ́. Nítorí náà, bó bá di alẹ́ tí ilẹ̀ máa mọ́ tí màá lọ sí kílíníìkì, màá jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, màá ṣí ìwé kékeré tí wọ́n ní kí n máa kọ iye ṣúgà mi sí, màá sì kọ ti oṣù méjì pọ̀. Màá fi búlúù kọ 118, màá fi dúdú kọ 131, màá wá ju 172 kan sí ọjọ́ Sátidé, bí ẹni tó lọ síbi ìgbéyàwó. Mo tiẹ̀ máa ń fi ìka tó ní gíríìsì tẹ etí ìwé náà níbi mélòó kan kó lè dà bíi pé mò ń ṣí i lójoojúmọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ mi kúkú ni.

N kò wọn ṣúgà kankan. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n wà nínú dúrọ́ọ̀, bátìrì wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n strip tí à ń kán ẹ̀jẹ̀ sí ti tán láti nǹkan bí oṣù márùn-ún.

Dókítà tó ń rí mi nígbà náà, obìnrin ni, kò lè ju ẹgbẹ́ àkọ́bí mi lọ. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ó ka ìwé mi tán, ó wá fa èsì àyẹ̀wò kan yọ, ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àyẹ̀wò yẹn kì í béèrè ohun téèyàn jẹ lánàá. Ṣúgà tó ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ láti oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn ló ń kà. Bó bá ti dé 6.5, àtọ̀gbẹ ti wọlé nìyẹn. Ẹni tó ti ní in bíi tèmi, ohun tí wọ́n ń wá ni kó má kọjá 7. Tèmi jẹ́ 12.4.

“Bàbá, ẹ má bínú, sà,” ó ní. “Ìwé yín àti ẹ̀jẹ̀ yín ò sọ ọ̀rọ̀ kan náà.”

Mo wolẹ̀. Mo ní ọjọ́ orí ni, mo ní mo máa ń gbàgbé abẹ́rẹ́ nígbà mìíràn. Irọ́ kejì nìyẹn, òun ló sì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí pé ó gbà á gbọ́. Ó rò pé bí mi ò bá tiẹ̀ gbàgbé, ìwọ̀n tí mò ń lò kò tó mi mọ́. Ó fi mẹ́rin kún ti àárọ̀, ó fi mẹ́rin kún ti alẹ́, ó ní kí ìyàwó mi máa rán mi létí. Agbára mi ò ká òògùn ti tẹ́lẹ̀. Mo wá gba ìwé òògùn tó tún wọ́n jù ú lọ, mo dúpẹ́, mo jáde.

Bí mo bá ti sọ fún un lọ́jọ́ náà pé owó ni kò sí, ó ṣeé ṣe kí ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi ṣì wà níbi tí Ọlọ́run fi í sí.

Ṣómólú ni mo ti ń tẹ̀wé láti ìgbà ọ̀dọ́ mi. Ẹni tó bá mọ Èkó mọ ibẹ̀: bí o bá bọ́ sílẹ̀ ní Palmgrove tí o wọlé sínú àdúgbò, ariwo ẹ̀rọ ni yóò júwe ọ̀nà fún ọ. Kàlẹ́ńdà, ìwé ìpè ìgbéyàwó, ètò ìsìnkú, ìwé ìléwọ́ òṣèlú, kò sí èyí tí a kì í ṣe. Oṣù kọkànlá àti ìkejìlá ni ìkórè wa. Ní ọdún 2015, àárín iṣẹ́ kàlẹ́ńdà ni òùngbẹ kan mú mi. Mò ń mu ọtí màlítì láti pa á, ó ń gbóná sí i. Mò ń jí lẹ́ẹ̀marùn-ún lóru láti tọ̀. Bàbá àgbàlagbà kan tó máa ń bá wa di ìwé ló rí èèrà tó ṣù bo gọ́tà ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù níbi tí mo máa ń dúró sí, ó ní, “Ọ̀gá, ẹ lọ yẹ ara yín wò. Àtọ̀gbẹ nìyẹn.” Wọ́n wọ̀n mí láàárọ̀ kí n tó fẹnu kan nǹkan: 287. Wọ́n ní 126 ni ààlà.

Òògùn oníhóró ni mo fi bẹ̀rẹ̀, metformin, kò sì wọ́n lórí mi nígbà yẹn. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ínsúlìn kún un: yúníìtì méjìdínlọ́gbọ̀n láàárọ̀, mẹ́rìndínlógún lálẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe ìṣirò yìí díẹ̀, torí pé inú rẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà. Ìgò ínsúlìn kan, yúníìtì ẹgbẹ̀rún kan ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ń lo mẹ́rìnlélógójì lójúmọ́, ìgò kan kò lè gbé e dé ọjọ́ kẹtàlélógún. Oṣù kan ju ìgò kan lọ nìyẹn, nígbà tó sì jẹ́ pé ìgò kan lèèyàn máa ń fi sọ́kàn tó bá ń ṣètò owó oṣù. Strip, àádọ́ta ló wà nínú páálí. Ẹni tí wọ́n ní kó wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló máa lò ó. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó bá oṣù mu. Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn nínú oṣù ni gbogbo wọn máa ń tán sí, ìyẹn ọ̀sẹ̀ tí owó ilé, owó iná àti owó oṣù àwọn ọmọ iṣẹ́ máa ń dúró sí ẹnu ọ̀nà.

Mo wá rí ọgbọ́n kan dá. Mo sọ ti àárọ̀ di ogún, mo sọ ti alẹ́ di mẹ́wàá. Ìgò kan wá ń gbé mi dé ọjọ́ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ọjọ́ mẹ́wàá ni mo jèrè lórí ìgò kan! Inú mi dùn bí ẹni tó gé bébà lọ́nà tí kò fi sí àgékù. Wọ́n ti sọ fún mi pé ìgò tí a bá ti ṣí kò gbọdọ̀ kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Mo ní àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀ fẹ́ kí n máa rà ni. Sírínjì pàápàá, ẹyọ kan ni mò ń lò títí abẹ́rẹ́ rẹ̀ á fi máa ha awọ ikùn mi kó tó ráyè wọlé.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2023 ni wọ́n tú náírà sílẹ̀ kó wá ipò ara rẹ̀ lọ́jà. Dọ́là tó wà ní nǹkan bíi 460 kọjá 1,400 kí oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e tó parí. Èèyàn lè rò pé ọ̀rọ̀ àwọn oníbáńkì nìyẹn. Ṣùgbọ́n bébà tí à ń tẹ̀, òkè òkun ló ti ń wá. Pílétì, yíńkì àti rọ́bà tó máa ń wà lára sílíńdà, òkè òkun ni. Ínsúlìn, òkè òkun. Strip, òkè òkun. Dọ́là kan náà ló ń gba owó lọ́wọ́ mi níbi iṣẹ́, tó tún ń dúró dè mí ní kẹ́mísì. Àwọn oníbàárà tí wọ́n ń tẹ ẹgbẹ̀rún kàlẹ́ńdà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ igba, àwọn mìíràn ní àwọn á fi àwòrán ránṣẹ́ lórí fóònù. Ìgò tí mò ń rà ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà ní 2020 ti kọjá ẹgbẹ̀rún méjìlá. Nígbà tí wọ́n sún owó oṣù tó kéré jù lọ lófin láti 30,000 sí 70,000 ní oṣù keje 2024, mo jókòó, mo ṣe ìṣirò tèmi: ínsúlìn, strip, metformin, sírínjì àti owó ọkọ̀ lọ sí kílíníìkì, bí mo bá rà wọ́n bí dókítà ṣe kọ ọ́, ó ń sún mọ́ ìdajì 70,000 náà. Mi ò tíì jẹun o.

Oúnjẹ gan-an, ọ̀rọ̀ ńlá ni. “Ẹ dín gààrí kù, ẹ jẹ ẹ̀wà, ẹ jẹ ẹja, ẹ jẹ ẹ̀fọ́.” Ó dùn ún gbọ́. Ohun tó ń yó èèyàn lówó pọ́ọ́kú ní Èkó, gbogbo rẹ̀ ló ń di ṣúgà: gààrí, búrẹ́dì, ìrẹsì, índómì àwọn ọmọ. Wíìtì tí wọ́n ń pè ní oúnjẹ alátọ̀gbẹ wọ́n ju gààrí lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe pé kò ní ṣúgà nínú. Àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú ńkọ́? Ẹnì kan ló sọ fún mi pé kò lẹ́bi, mo wá ń jẹ òkèlè tó tó ti ẹni méjì. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ò lẹ́bi lóòótọ́. Èmi ni mo lẹ́bi.

Ọ̀rọ̀ àgbo ló ń tì mí lójú jù.

Oníbàárà kan wà tó máa ń tẹ lébẹ̀ ìgò lọ́dọ̀ mi. Àgbo ló ń tà nínú ọkọ̀ èrò. Ọ̀rọ̀ tó fún mi láti tẹ̀ pọ̀ débi pé mo ní láti sọ lẹ́tà rẹ̀ di wínníwínní: ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru, jẹ̀díjẹ̀dí, làkúrègbé, àìrọ́mọbí, gbogbo rẹ̀ nínú ìgò kan. Ó ní kí n tẹ nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ kan sí ìsàlẹ̀. Mi ò bi í níbi tó ti rí i. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún lébẹ̀ ni mo tẹ̀ fún un ní ìparí 2023, ìdajì owó ló san. Nígbà tí mo lọ sin ìyókù, páálí àgbo méjì ló gbé fún mi dípò owó. Ínsúlìn mi sì ti tán lọ́sẹ̀ yẹn. Mo wo páálí náà, mo wo lébẹ̀ tí ọwọ́ ara mi tẹ̀, mo sì mọ̀, bí mo ṣe mọ orúkọ mi, pé ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo ṣí ìgò kan. Bí mo ṣe mu gbèsè tí wọ́n jẹ mí nìyẹn, ife kan láàárọ̀, ife kan lálẹ́, fún ọjọ́ mọ́kànlá, láìgún abẹ́rẹ́ kankan.

Ní ọjọ́ kejìlá, à ń tẹ ètò ìkórè ìjọ kan, àwọ̀ mẹ́rin. Mo gbé ìwé kan sókè, mo rí i pé àwọ̀ pupa ti yẹ̀ kúrò lórí búlúù. Gbogbo lẹ́tà ní òjìji. Mo dá ẹ̀rọ dúró. Mo tún pílétì sún, mo tẹ̀ ẹ́ wò, ó tún yẹ̀. Mo sún un síwá, mo sún un sẹ́yìn, mo gbá ọmọ iṣẹ́ mi létí pé kò di bébà dáadáa. A ba bébà jẹ́ títí di ọ̀sán. Nígbà tó yá, ọmọ náà sún mọ́ mi, ó rọra ní, “Ọ̀gá, ó ti jókòó láti àárọ̀ tẹ́ẹ̀ ti tẹ̀ ẹ́. Ìgbà tẹ́ẹ̀ ń sún un ló yẹ̀.”

Ojú mi ló yẹ̀. Ṣúgà bá gòkè, omi inú ojú á yí padà, ojú á máa rí nǹkan bàìbàì. Owó bébà tí mo bà jẹ́ lọ́jọ́ yẹn tó ra ìgò ínsúlìn mẹ́ta, mo sì tún ra òmíràn láti fi tún iṣẹ́ ìjọ ṣe. Mo ti bẹ ọmọ yẹn. Ó ní kò sí nǹkan, ṣùgbọ́n kò pẹ́ lọ́dọ̀ mi lẹ́yìn ìyẹn.

Ìyàwó mi kò mọ nǹkan kan nínú gbogbo èyí. Ó mọ̀ pé mo ní ṣúgà, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé mo ti bọ́ sídìí abẹ́rẹ́. Ṣọ́ọ̀bù ni mo ti ń gún un, lẹ́yìn ẹ̀rọ tí a fi ń gé bébà. Nǹkan kan wà láàárín tọkọtaya tí àìsàn yìí máa ń mú lọ lọ́wọ́ ọkùnrin, tí mi ò ní kọ síbí. Ẹni tó mọ̀ á mọ̀. Ojú mi ò lè gbà á kí ó tún máa wò mí bí aláìsàn. Òun náà sì rí i pé owó ń kúrò, pé ọkọ òun ń yẹra fún òun lórí ibùsùn. Ó pa á pọ̀, ó wá obìnrin tó ń jẹ owó mi títí. Ó tilẹ̀ ṣọ́ mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan.

Ẹja yìnyín ló ń tà, ó ní fírísà ńlá kan nílé. Nígbà tí iná bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège ní ṣọ́ọ̀bù tí n kò sì lè máa ra epo sí jẹnẹrétọ̀, mo di ìgò ínsúlìn tuntun méjì sínú ọ̀rá dúdú, mo fi wọ́n sábẹ́ páálí ẹja kòtè nínú fírísà rẹ̀. Ínsúlìn ń fẹ́ ibi tútù lóòótọ́, láti ìwọ̀n 2 sí 8, ṣùgbọ́n bó bá ti lè dì pẹ́nrẹ́n, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Bó bá tún yọ́, kò ṣiṣẹ́ mọ́. Mo mú un jáde lọ́jọ́ kejì, ó le bí òkúta. Mo mọ̀. Wọ́n ti kọ́ mi ní kílíníìkì. Mo gbé e sórí wíńdò kí oòrùn yọ́ ọ, funfun inú rẹ̀ pín sí kókó kéékèèké bíi wàrà tó ti kan. Mo gbọ̀n ọ́n, mo sì ń gún un sára fún oṣù méjì. Ta ló máa da ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlélógún náírà nù? Èmi tí mo lè ju bébà ọjọ́ kan sínú iná kò lè ju ìgò méjì nù.

Oṣù keje ọdún 2024 ni ti ẹsẹ̀.

Ẹ̀rọ tó ń fi wáyà di ìwé máa ń já wáyà kéékèèké sílẹ̀. Gbogbo ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù wa ló wà. A máa ń gbá a, kì í tán. Ọ̀kan gún sálúbàtà mi láti ìsàlẹ̀, ó wọ ẹ̀gbẹ́ ọmọ ìka ẹsẹ̀ òsì. N kò mọ̀. Àtọ̀gbẹ ti pa iṣan tó ń gbé ìrora láti ẹsẹ̀ wá sókè. Àtẹ́lẹsẹ̀ mi ti pẹ́ tó ti ń ṣe mí bíi pé mo wọ ìbọ̀sẹ̀ nígbà tí n kò wọ̀ ọ́. Mo rìn láti àárọ̀ dalẹ́. Nígbà tí mo délé, mo jókòó, mo ń wo ìròyìn, ìyàwó mi sì ń nu ilẹ̀ lẹ́yìn mi. Ó dákẹ́. Ó ní, “Bàbá Ìbejì, ẹ̀jẹ̀ ta nìyí?” Mo bojú wẹ̀yìn. Ipasẹ̀ pupa tò láti ẹnu ọ̀nà wá sídìí àga tí mo jókòó sí, ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kan, bíi pé mo ń tẹ̀ ẹ́ jáde láti inú ẹ̀rọ. Ó kúnlẹ̀, ó bọ́ sálúbàtà náà, ó fa wáyà yọ. Èmi ń wò ó bí ẹni tí wọ́n ń fa nǹkan yọ lẹ́sẹ̀ ẹlòmíràn.

N kò ní fa èyí gùn. Mo fi omi gbígbóná àti iyọ̀ wẹ̀ ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Omi gbígbóná náà bó awọ mi, n kò tún mọ̀. Ìka náà dúdú, ó ń rùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo lò ní wọ́ọ̀dù, wọ́n sì gé ọmọ ìka náà. Lẹ́yìn ìyẹn, oṣù méjì ni mo fi ń lọ wẹ egbò, lọ́jọ́ méjì méjì, tí owó gọ́ọ̀sì, ìbọ̀wọ́ àti okada ń lọ. Mo yá owó ṣogúndogójì lọ́wọ́ obìnrin kan ní ọjà. Nígbà tí ìyẹn ò tó, mo yá ti orí fóònù. Àwọn tó yá mi lówó náà fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó wà nínú fóònù mi pé olè ni mí, títí kan olùṣọ́-àgùntàn ìjọ tí mo tẹ ètò ìkórè fún. Mo ta ẹ̀rọ tó ń gé bébà. Kẹ́hìndé jókòó sílé fún ọdún kan, Táyé nìkan ló lọ síléèwé.

Bí mo ṣe dùbúlẹ̀ ní wọ́ọ̀dù, mo ṣe ìṣirò náà. Owó tí mo jèrè lórí ọjọ́ mẹ́wàá, mẹ́wàá láti bí ọdún kan, gbogbo rẹ̀ pátá, kò tó owó ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ní wọ́ọ̀dù.

Ibẹ̀ náà ni irọ́ mi ti fẹ́ pa mí tán. Nọ́ọ̀sì bi mí ní ìwọ̀n ínsúlìn tí mò ń lò nílé. Ó ti di bárakú. Mo ka èyí tó wà nínú ìwé fún un, yúníìtì mẹ́rìnlélógún? Rárá, ogún péré ni ti alẹ́ tí dókítà kọ kẹ́yìn, àárọ̀ sì jẹ́ méjìlélọ́gbọ̀n. Ẹ wò ó, títí di òní mo ṣì ń ṣi nọ́ńbà tí n kò lò rí sọ. Wọ́n fún mi bẹ́ẹ̀, ínsúlìn tòótọ́ láti inú fíríìjì tòótọ́. Nǹkan bí aago méjì òru, òógùn bò mí, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, mò ń bá ìyá mi tó ti kú sọ̀rọ̀. Wọ́n wọ̀n mí: 48. Wọ́n da ṣúgà sómi, wọ́n rọ ọ́ sí mi lẹ́nu. Ìyàwó mi dúró lẹ́bàá ibùsùn, ó di orí mi mú.

Ilẹ̀ mọ́, dókítà obìnrin yẹn dé. Ìyàwó mi wà níbẹ̀. Mo ní mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan. Mo sọ ti báírò mẹ́ta, mo sọ ti ogún àti mẹ́wàá, mo sọ ti àgbo, ti fírísà. Nígbà tí mo dé ti fírísà, ìyàwó mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ wọ́ọ̀dù. Ó ní, “Ṣé abẹ́rẹ́ ni? Gbogbo rẹ̀, abẹ́rẹ́ ni?” Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Obìnrin tó ti ń wá láti ọdún yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí.

Dókítà náà kò bínú bí mo ṣe rò. Ìbéèrè kan ló bi mí: “Bàbá, èló lẹ lè ná lóṣù, kí ilé má dàrú?” Láti ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń lọ sí kílíníìkì, wọ́n ti wọn ìwúwo mi, ìfúnpá mi, ẹ̀jẹ̀ mi, ìtọ̀ mi. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni máa wọn àpò mi. Èmi náà kò sì jẹ́ kí wọ́n rí i rí. Mo máa ń wọ aṣọ tó dára jù lọ lọ síbẹ̀.

Mo dá iye kan. Ó mú ìwé òògùn, ó ń fa igi sí i lára. Fítámìn méjì kúrò. Òògùn oníhóró olówó gọbọi kan kúrò, ó ku metformin lásán. Ínsúlìn wà ní ẹ̀kún ìwọ̀n, ó ní ìyẹn ni kò ṣeé dín. Dípò kí n máa wọn ṣúgà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ó ní kí n wọ̀n ọ́n ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, kí n máa yí àkókò padà. Ó ní strip díẹ̀ tó sọ òótọ́ sàn fún òun ju ìwé tó kún. Ó tún ní kí n lọ forúkọ sílẹ̀ fún adójútòfò ìlera. Òfin ọdún 2022 ti sọ ọ́ di dandan fún gbogbo wa, ṣùgbọ́n nínú gbogbo atẹ̀wé tí mo mọ̀ ní Ṣómólú, n kò rí ẹni méjì tó ti ṣe é. Mo ti ṣe é. Adójútòfò náà ń san owó káàdì àti metformin fún mi. Ti ínsúlìn, ìgbà tí wọ́n bá ní in lọ́wọ́ ni.

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kọkànlá, ọjọ́ àtọ̀gbẹ lágbàáyé, wọ́n pe àwa aláìsàn jọ sábẹ́ igi ọgbà kílíníìkì. Ọjọ́ ìbí Frederick Banting ni ọjọ́ náà, ọ̀kan nínú àwọn tó rí ínsúlìn ní Toronto ní 1921. Dókítà kan sọ fún wa pé ní 1923, àwọn tó ni ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ gbé e fún yunifásítì ìlú náà, dọ́là kọ̀ọ̀kan ni wọ́n gbà. Ìyá kan tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní, “Dọ́là kan tìgbà yẹn ni àbí ti ìsinsìnyí?” Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Èmi pẹ̀lú ìyá yẹn àti àwọn mẹ́rin mìíràn la ń dá àjọ strip báyìí. Páálí ńlá là ń rà pọ̀ lọ́jà òògùn, a sì ń pín in.

Nílé, kò sí ìkọ̀kọ̀ mọ́. Ìyàwó mi ló ra ìkòkò amọ̀ méjì, ńlá àti kékeré. A ti kékeré bọ inú ńlá, a da iyanrìn sáàárín wọn, a ń bomi rin ín láàárọ̀ àti lálẹ́, a fi aṣọ tútù bò ó. Olùkọ́ kan láti Jígáwá, Mohammed Bah Abba, ló sọ irú ìkòkò yìí di mímọ̀ fún fífi ẹ̀fọ́ àti èso pamọ́, ó sì gba ẹ̀bùn Rolex lórí rẹ̀ ní ọdún 2000. Afẹ́fẹ́ Èkó kò gbẹ tó ti ọ̀hún, nítorí náà kò tutù tó bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n ó sàn ju orí kọ́bọ́ọ̀dù lọ, ó sì sàn ju abẹ́ ẹja kòtè lọ fíìfíì. Ìgò tí mò ń lò lọ́wọ́ ló wà níbẹ̀. Tuntun wà nínú fíríìjì aládùúgbò wa, níbi ilẹ̀kùn, tí kò ti lè dì.

Lálaalẹ́, ìyàwó mi á gbé ẹsẹ̀ mi lé itan, á fi tọ́ọ̀ṣì yẹ ẹ́ wò, àárín ìka kan sí òmíràn. Nígbà mìíràn á ṣàdédé dúró níbi tí ìka kan kò sí, á kọjá.

Báírò kan péré ni mo fi ń kọ ìwé tuntun. Mọ́ńdè, 148. Wẹ́sìdeè, 203, mo jẹ ìrẹsì níbi òkú. Fúráìdeè, kò sí strip. Àwọn ọjọ́ tí kò sí nǹkan, mo máa ń fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ojú ìwé á funfun. Nígbà tí mo lọ kẹ́yìn, dókítà ń ṣí i lọ, ó dúró lórí oṣù kìíní, níbi tí ọjọ́ mẹ́wàá ti ṣófo láìsí nọ́ńbà kankan. Ó gbé ojú sókè.

“Kẹ́hìndé ti padà síléèwé?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó kọ nǹkan kan sí ibi tó ṣófo náà, ó ṣí ojú ewé kejì.